Ẹ ra idẹ àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ra rọ́bà àtijọ́

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá, ní Ibafo, Mowe àti Asese, kò ní í ṣàì rí iṣẹ́ àwọn jórinjórin. Ọkọ̀ àjàgbé tó bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ń wá ẹni tí yóò bá a gé irin tó ti tẹ̀. Àwọn tó ń kọ́lé lọ́tùn-ún lósì ń wá géètì àti irin ojú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn panẹ́ẹ̀lì-bítà kò lè ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan já láìtan iná gáàsì. Iṣẹ́ wà. Ohun tó ń kó ìdààmú bá àwọn ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ni irinṣẹ́ tí wọn yóò fi ṣe é.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ owó náírà já sí láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí ọjà máa fúnra rẹ̀ sọ iye tí wọn yóò máa ṣẹ́ dọ́là. Kó tó dìgbà náà, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báńkì. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti ju náírà 1,500 lọ. Òkè òkun sì ni tọ́ọ̀ṣì gáàsì, régúlétọ̀, họ́òsì àti nọ́súlù ti ń wá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi gbàgbé ọ̀rọ̀ tuntun, tí wọ́n ń yà sí Owódé Onírin tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó láti lọ wá tòkúnbọ̀.

Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí ohun tó burú nínú ríra irinṣẹ́ gáàsì àlòkù. Owó gidi ló ń bá olówó kékeré fi pamọ́. Ohun tó burú ni kí èèyàn ra gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni ra ẹrù òkìrìkà, kó gbé e dé Asese, kó so ó mọ́ sìlíńdà lọ́jọ́ náà, kó sì ṣáná sí i. Idẹ ni kí ẹ san owó fún. Gbogbo ohun tó bá jẹ́ rọ́bà, ẹ kà á sí pé kò sí níbẹ̀ rárá, kí ẹ sì ti ka owó tuntun mọ́ ìṣirò yín kí ẹ tó ná ọjà.

Kí ló dé tí idẹ àtijọ́ fi dára?

Irinṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Ní nǹkan bí ọdún 1903 ni àwọn ará Faransé méjì kan, Edmond Fouché àti Charles Picard, ṣe tọ́ọ̀ṣì tó ń lo ọ́síjìn àti asẹ́tílìnì jáde, bó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tòní. Gáàsì méjèèjì pàdé nínú idẹ, wọ́n gba ẹnu nọ́súlù jáde, iná wọn sì ń gbóná kọjá 3,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nǹkan bí 1,500 ni irin ti ń yọ́. Idẹ kì í dípẹtà bí irin, nítorí náà, tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣe ní ogójì ọdún sẹ́yìn lè ṣì le koko, bí kò bá tíì ṣubú kó tẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì fi òòlù tún un ṣe.

Orúkọ ara rẹ̀ sì ṣe pàtàkì. Saffire láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Victor, Harris àti Smith láti Amẹ́ríkà, gbogbo wọn ni àwọn àgbà jórinjórin mọ̀. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé èèyàn ṣì lè rí nọ́súlù àti wáṣà tó bá orúkọ olókìkí mu. Èyí tí kò ní orúkọ kankan lára, tàbí tí wọ́n yí lẹ́tà kan padà nínú orúkọ tí a mọ̀, ẹ jìnnà sí i. Ó lè tan iná lónìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wáṣà rẹ̀ bá jẹ, ó di kí ẹ tà á fún àwọn tó ń ra idẹ ní ìwọ̀n kílò.

Ẹ wo irú èyí tó bá gáàsì yín mu

Ibí yìí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ra asẹ́tílìnì inú sìlíńdà. Káábáìdì ni wọ́n ń dà sí omi nínú dúrọ́ọ̀mù, kílò kan rẹ̀ a sì máa mú nǹkan bí lítà 300 gáàsì jáde. Àmọ́ gáàsì dúrọ́ọ̀mù yìí kò lágbára, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń jáde.

Tọ́ọ̀ṣì sì pín sí oríṣi méjì. Nínú oríṣi kìíní, ọ́síjìn tó ń sáré kọjá ló máa ń fa gáàsì kejì wọlé, nítorí náà, ó lè lo gáàsì tí kò lágbára. Nínú oríṣi kejì, àwọn gáàsì méjèèjì ní láti wá pẹ̀lú agbára tiwọn kí wọ́n tó lè pò pọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà jẹ́ oríṣi kejì yìí, tí wọ́n ṣe fún asẹ́tílìnì inú sìlíńdà. Bí ẹ bá so ó mọ́ dúrọ́ọ̀mù káábáìdì, iná rẹ̀ á máa kú, á máa ta pàù-pàù lẹ́nu nọ́súlù. Ọ̀gá á ní wọ́n ta ayédèrú fún òun. Kì í ṣe ayédèrú, iṣẹ́ tí wọn kò ṣe é fún ló ń fi í ṣe. Títa pàù-pàù yẹn gan-an ló sì lè di iná tí yóò gba inú họ́òsì padà sẹ́yìn lọ bá dúrọ́ọ̀mù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn tó ń fi gáàsì ìdáná gé irin. Nọ́súlù asẹ́tílìnì kì í ṣe ti gáàsì ìdáná. Lára àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rí ANM lára ti asẹ́tílìnì, ẹ ó sì rí PNM lára ti gáàsì ìdáná. Ti họ́òsì náà wà níbẹ̀. Họ́òsì Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ R sí lára, asẹ́tílìnì nìkan ni wọ́n ṣe é fún, gáàsì ìdáná á máa jẹ rọ́bà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ T sí ló gba méjèèjì. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ mọ gáàsì tí ẹ ń lò, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tó ń tajà.

Ibi tí ewu wà

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fura sí lórí àtẹ oní-tòkúnbọ̀ ni dídán. Àwọn kan máa ń fi òróró ẹ́ńjìnnì nu régúlétọ̀ kó lè dán lójú oníbàárà. Òróró àti ọ́síjìn kì í sì í gbé pọ̀. Ọ́síjìn inú sìlíńdà tó kún lè ní agbára tó ju 2,000 psi lọ, bẹ́ẹ̀ táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 35 psi lọ. Bí irú agbára bẹ́ẹ̀ bá ya wọ inú régúlétọ̀ tí òróró tàbí gíríìsì wà nínú rẹ̀, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná. Ẹ mú aṣọ funfun dání lọ sọ́jà. Ẹ kì í bọ ẹnu ibi tí gáàsì ń gbà wọlé, kí ẹ yí i po. Bí aṣọ náà bá mú òróró jáde, ẹ dá ọjà náà padà fún ọlọ́jà.

Ohun kejì ni régúlétọ̀ fúnra rẹ̀. Awẹ́ rọ́bà kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbó, yálà wọ́n lò ó tàbí wọn kò lò ó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà àwọn oníṣẹ́ gáàsì ni pé kí wọ́n pààrọ̀ régúlétọ̀ tàbí kí wọ́n tún un ṣe látòkèdélẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Èyí tí wọ́n kó sínú kọ̀ǹtéínà wá sọ́dọ̀ wa, ó ṣeé ṣe kó ti kọjá iye ọdún yẹn kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má gba gbólóhùn “ó ń ṣiṣẹ́” gbọ́ lásán. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n so ó mọ́ sìlíńdà, kí ẹ ti tọ́ọ̀ṣì pa, kí ẹ wo gééjì kékeré. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, inú rẹ̀ ti jẹ. Bí abẹ́rẹ́ kò bá padà sí òdo lẹ́yìn tí ẹ ti tú gáàsì dànù, gééjì náà ti ń purọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró síwájú régúlétọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣí sìlíńdà. Ẹ̀gbẹ́ là ń dúró sí, díẹ̀díẹ̀ la sì ń ṣí i.

Ohun kẹta ni asẹ́tílìnì. Gáàsì yìí kò dà bí gáàsì mìíràn. Bí agbára rẹ̀ nínú họ́òsì bá kọjá 15 psi, ó lè bú gbàmù fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ọ́síjìn kankan wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kun gééjì asẹ́tílìnì ní pupa láti 15 lọ sókè. Àwọn tó máa ń fi páìpù bàbà so họ́òsì tó já pọ̀, kí wọ́n gbọ́ èyí dáadáa: asẹ́tílìnì àti bàbà a máa pò pọ̀ di ohun kan tó ń bú gbàmù bí wọ́n bá kàn án tàbí kí ó gbóná. Idẹ tí wọ́n fi ṣe tọ́ọ̀ṣì ní ìwọ̀n bàbà tí kò léwu, bàbà gidi ni wọn kò gbọ́dọ̀ lò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò kàwé nìyí. Gustaf Dalén, ọmọ ilẹ̀ Sweden, wà lára àwọn tó mọ asẹ́tílìnì jù láyé nígbà tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe ohun oníhò wínníwínní tí wọ́n ń kó sínú sìlíńdà kí gáàsì náà má baà bú. Ní ọdún 1912 tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel, ọdún náà gan-an ni asẹ́tílìnì bú mọ́ ọn níbi tó ti ń ṣe àyẹ̀wò, ojú rẹ̀ méjèèjì sì fọ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè fara gbá a, kí ni ká sọ nípa ọmọ iṣẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ọ̀gá rẹ̀ rán lọ tan iná?

Bí ẹ ṣe lè sọ ọ́ di tuntun

Bí ẹ bá ti rí èyí tó bá iṣẹ́ yín mu, ẹ má kánjú. Ẹ tú nọ́súlù kúrò, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò ní òróró fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fi bẹntiróòlù, dísù tàbí kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ rárá. Ìṣó tàbí wáyà kọ́ ni ẹ ó fi tú ojú ihò nọ́súlù, nítorí ihò tó bá ti fẹ̀, iná rẹ̀ kì í tọ́ mọ́. Àwọn fáìlì tín-ín-rín kan wà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, owó wọn kò sì wọ́n.

Ẹ yẹ ibi tí nọ́súlù ti ń jókòó wò. Bó bá ti họ tàbí tó ti jin, gáàsì méjèèjì lè pàdé níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti pàdé, iná á sì máa jó nínú orí tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo téẹ̀dì rẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ọ̀tì ọ́síjìn ń lọ sí apá ọ̀tún, ti asẹ́tílìnì ń lọ sí apá òsì, wọ́n sì máa ń gé àmì sí i lára kó lè yàtọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ẹnìkan ti gé téẹ̀dì mìíràn sí i kó lè bá ohun tí kò yẹ mu, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ pààrọ̀ gbogbo wáṣà rọ́bà tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má lọ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, èyí tí wọ́n ṣe fún ọ́síjìn ni kí ẹ béèrè.

Ẹ ra họ́òsì tuntun, kí ẹ sì ra ohun kékeré tí wọ́n ń pè ní flashback arrestor méjì, ọ̀kan fún gáàsì kọ̀ọ̀kan. Òun ni kì í jẹ́ kí iná tó bá ṣẹ́rí padà nínú tọ́ọ̀ṣì dé ibi tí gáàsì wà. Ẹni tó bá ń lo dúrọ́ọ̀mù káábáìdì tí kò ní irú ìdènà yìí, bó tilẹ̀ ra tọ́ọ̀ṣì tó dára jù láyé, bọ́ǹbù ló ń jókòó tì.

Nígbà tí ẹ bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, ẹ ti tọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣí gáàsì, ẹ fi omi ọṣẹ kan gbogbo ojú ibi tí ẹ so pọ̀. Bí ó bá ń hó, ó ń jò. Ẹ tún ti sìlíńdà, kí ẹ wo abẹ́rẹ́ gééjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má tan iná títí ẹ ó fi rí ibi tó ti ń jò. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìṣáná wá ibi tí gáàsì ti ń jò.

Ní ti sìlíńdà, ẹ má rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irin àlòkù. Ti asẹ́tílìnì kì í ṣe agolo òfìfo, asetóònì àti ohun oníhò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ojú mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ sìlíńdà ló jẹ́ pé ilé iṣẹ́ gáàsì ló ni ín, wọ́n kàn ń yá oníbàárà lò ni. Ẹ gbà á níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì, kí ẹ sì wo déètì àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ sí i lọ́rùn.

Ẹ ṣe ìṣirò yín dáadáa

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní náírà 100 ni odindi irinṣẹ́ tuntun, tí oní-tòkúnbọ̀ sì ní kí ẹ mú 40 wá. Lójú, ẹ ti jèrè 60. Àmọ́ họ́òsì tuntun, arrestor méjì, wáṣà, nọ́súlù àti owó iṣẹ́ ẹni tó tún régúlétọ̀ ṣe, ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40. Owó ti di 80 nìyẹn, èrè yín kò ju 20 lọ. Bí régúlétọ̀ náà bá wá kọjá àtúnṣe, tí ẹ ní láti ra tuntun, èrè tán, ó sì lè di àdánù. Owó ọjà kò dúró sójú kan, nítorí náà, kí oníkálukú fi iye tó bá lọ́jà ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó gbéra. Bí oní-tòkúnbọ̀ bá ń pariwo pé họ́òsì àti régúlétọ̀ wà lára rẹ̀, ẹ sọ fún un pé kó yọ ọ́ kúrò, kó dárúkọ iye idẹ nìkan. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó tí ẹ yọ lára idẹ lẹ ó fi pa ọbẹ̀ ọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ di ti ẹgbẹ́

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún táwọn ti ń lo ti àwọn nìyí, nǹkan kan kò sì ṣe àwọn. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n rọ́bà tí kò já lánàá kò ṣèlérí pé òun kò ní já lọ́la, ọjọ́ kan ṣoṣo sì ti tó láti gba ohun tí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó jọ. Àwọn mìíràn yóò sọ pé kò sówó tí ọ̀gá kan ṣoṣo yóò fi ra gbogbo irinṣẹ́ àyẹ̀wò. Òótọ́ lèyí náà, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí ẹgbẹ́ dá sí i.

Àwọn jórinjórin àti panẹ́ẹ̀lì-bítà ń ṣe ẹgbẹ́, wọ́n ń pàdé, wọ́n sì ń dá owó. Owó yẹn ń sin òkú, ó ń ṣe ìyàwó, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Ibafo, Mowe àti Asese yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fi ra gééjì tó péye, fáìlì nọ́súlù àti àpótí wáṣà kan, kí wọ́n sì rán ọmọ ẹgbẹ́ kan tó mọwọ́ lọ kọ́ àtúnṣe régúlétọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta gáàsì. Kó di òfin ẹgbẹ́ pé irinṣẹ́ àlòkù tó bá wọ àdúgbò, ẹni náà ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n san owó díẹ̀ fún un, kó sì so àmì mọ́ ọn pẹ̀lú déètì. Èyí tó bá kùnà, kò gbọ́dọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni.

Òfin ìjọba náà sì wà nílẹ̀. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010, ìyẹn Employees' Compensation Act, ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ó sì ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF. Ẹgbẹ́ lè béèrè lọ́dọ̀ wọn bí àwọn ọ̀gá kéékèèké ṣe lè forúkọ sílẹ̀. Àmọ́ kò sí owó gbà-má-bínú tó lè dá ojú tó fọ́ padà. Àwọn òbí tó mú ọmọ wá síbi iṣẹ́ gbà pé ọ̀gá yóò kọ́ ọ níṣẹ́, yóò sì dá a padà fún àwọn ní pípé lọ́jọ́ tó bá gba òmìnira.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ sí Owódé Onírin lọ́sẹ̀ yìí, kó mú aṣọ funfun dání, kó mọ irú gáàsì tó ń lò, kó sì ti ka owó họ́òsì tuntun àti arrestor méjì sọ́tọ̀. Bí owó yẹn kò bá tíì pé, kó ní sùúrù títí yóò fi pé. Irinṣẹ́ àlòkù kò tán lọ́jà.